Bí WhatsApp bá ń wọlé tí sáìtì ò ṣí, ta ló jẹ̀bi?

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọ̀dọ̀ wa ò lágbára, mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ WhatsApp ń wọlé, ọ̀rọ̀ ń lọ, fọ́tò náà ń lọ bó tiẹ̀ pẹ́. Tí mo bá wá fẹ́ ṣí sáìtì, ojú ewé á funfun báláú, nǹkan roboto yẹn á máa yí, á máa yí, títí á fi sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fẹ́ kún fọ́ọ̀mù kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dá mi padà síbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó tiẹ̀ wá ṣí, mo tẹ bọ́tìnì, bọ́tìnì ò dáhùn. Ọmọ mi ní fóònù mi ti gbó, kí n ra òmíì. Ará ilé wa kan ní kí n lọ pa cache rẹ́. Ṣé fóònù ni àbí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì? Àbí ńṣe làwọn tó ń ṣe sáìtì ò fẹ́ kí irú wa wọlé ni?"

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi í báyìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló kàn ń bínú sí fóònù wọn láì béèrè. Kí n tètè dáhùn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: fóònù yín lọ́wọ́ nínú ẹ̀ díẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ́wọ́ nínú ẹ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n pín ẹ̀bi, àwa tá à ń ṣe sáìtì ni màá kó èyí tó pọ̀ jù fún. Mo ní àwa o, torí iṣẹ́ tí mò ń jẹun nídìí ẹ̀ nìyẹn. Ti pé bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni, màá padà wá síbẹ̀, torí ìdáhùn ẹ̀ burú ju pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lọ.

WhatsApp tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ló máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Wọ́n á ní, ṣebí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni? Kan náà ni, ẹrù tó ń gba orí ẹ̀ kọjá ló yàtọ̀. Àápù yẹn ti wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀, bọ́tìnì ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ lẹ ti dàǹlóòdù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e sórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá kọ "mo ti délé", ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn ló ń rìn, tí ò bá sì lọ, àápù á dì í mú, á máa gbìyànjú lábẹ́lẹ̀ títí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á fi yọjú, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta. Sáìtì ò rí bẹ́ẹ̀. Sáìtì dà bí ọmọ tẹ́ ẹ rán sí ọ̀rẹ́ yín pé kó lọ béèrè ọ̀rọ̀ kan wá, tó wá ru àga, bẹ́ẹ̀dì, àwo àti kọ́bọ́ọ̀dù ilé ọ̀rẹ́ yín bọ̀, tó ní òun ò ní jíṣẹ́ àfi tóun bá to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ rán an wà lẹ́nu ẹ̀ o.

Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí mo kọ síbí látòkè délẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, kò tó 20KB (bí 1,000KB ló ń di 1MB). Ojú ewé sáìtì lóde òní, tá a bá to gbogbo wọn láti orí èyí tó fúyẹ́ jù dórí èyí tó wúwo jù, tá a wá mú èyí tó bọ́ sáàárín gan-an, ó ti lé ní 2MB. Àwọn HTTP Archive tó ń wọn sáìtì káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, nígbà yẹn èyí tó wà láàárín ò jìnnà sí 500KB. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kà lórí ojú ewé kan ti di ìlọ́po mẹ́rin látìgbà yẹn, ẹrù tó yí i ká ló pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò yá" yẹn gan-an, méjì ló wà nínú ẹ̀, ìkan nìkan làwọn èèyàn sì máa ń sọ. Èkíní ni bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Ká sọ pé 400 kilobit lẹ̀ ń rí ní sẹ́kọ́ńdì kan, bit mẹ́jọ ló ń di byte kan, torí náà ojú ewé 2MB á gbà tó 40 sẹ́kọ́ńdì kó tó wọlé tán, ìyẹn tí ohunkóhun ò bá já láàárín. Èkejì ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó, pé tẹ́ ẹ bá béèrè nǹkan báyìí, ìgbà wo ni èsì á padà dé. Èyí ló ń pa èèyàn jù, àwọn tó ń ta dátà ò sì ní fi polówó fún yín láé. Tẹ́ ẹ bá tẹ àdírẹ́sì sáìtì, bùráúsà, ìyẹn àápù tẹ́ ẹ fi ń ṣí sáìtì, á kọ́kọ́ lọ béèrè ibi tí server ẹ̀ wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú sáìtì ọ̀hún, ó lọ ó bọ̀, ìkan nìyẹn. Á lọ kí server, server á jẹ́ ẹ, èjì. Wọ́n á jọ ṣe àdéhùn bí wọ́n á ṣe máa ti ọ̀rọ̀ wọn pa kí ẹlòmíì má bàa gbọ́, ẹ̀ta, tó bá sì jẹ́ server tí ò tíì gba TLS 1.3, ìlànà tuntun fún àdéhùn yẹn tó jáde ní 2018, ẹ̀rin ni. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ojú ewé". Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa, àlọ àtàbọ̀ kan ò ju ìdá kan nínú ogún sẹ́kọ́ńdì, gbogbo ìkíni yẹn á ti parí kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Àmọ́ fún ẹni tó ń lo sátẹ́láìtì tó wà lókè réré, bí 36,000 kìlómítà sílẹ̀, àlọ àtàbọ̀ kan lè gba ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì, kò sì sí nǹkan tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i, ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ò lè sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù tí èrò ti pọ̀ jù lórí ẹ̀ náà lè lọ́ra bẹ́ẹ̀, kódà kó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì kọ 4G gàdàgbà sórí fóònù yín. Ìkíni nìkan ti jẹ bíi sẹ́kọ́ńdì méjì, ẹ ò sì tíì rí lẹ́tà kan.

Ó tún kù. Server kì í da gbogbo ẹrù jáde lẹ́ẹ̀kan, torí kò mọ bí ọ̀nà yín ṣe fẹ̀ tó. Á kọ́kọ́ fi nǹkan bíi 14KB ránṣẹ́, á dúró gbọ́ bóyá ó dé, á fi ìlọ́po méjì ẹ̀ ránṣẹ́, á tún dúró, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìkan bá sì sọnù lọ́nà, á dín ìwọ̀n kù. Torí náà ojú ewé tó bá mọ sí 14KB máa dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti 100KB á gba bí ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin. Ẹ wá ronú ti 2MB. Ẹ tún wá ronú pé ojú ewé yẹn ò wá láti ibì kan ṣoṣo, ìrísí lẹ́tà ẹ̀ (font) ń bọ̀ láti ibòmíì, ìpolówó láti ibòmíì, ẹni tó ń ka iye àlejò wà níbòmíì, máàpù wà níbòmíì, ìkọ̀ọ̀kan wọn ni bùráúsà sì gbọ́dọ̀ lọ kí látìbẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀. Mo ti rí ojú ewé ìròyìn tó ń bá ibi tó ju ogójì lọ sọ̀rọ̀ kó tó gbé ìpínrọ̀ kan jáde.

Kí ló wà nínú ẹrù ọ̀hún? Fọ́tò ló pọ̀ jù tá a bá fi ìwọ̀n wò ó, àmọ́ fọ́tò kì í ṣe ọ̀tá yín tó bẹ́ẹ̀, torí bùráúsà lè gbé ọ̀rọ̀ jáde kí fọ́tò máa bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́tà aláràbarà tí wọ́n ń gbé wá láti ibòmíì náà wà ńbẹ̀, òun lẹ máa rí tí ojú ewé bá ti ṣí tí ìlà àti àpótí wà níbẹ̀ àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ò sí, ọ̀rọ̀ ti dé o, bùráúsà ló ń fi í pa mọ́ fún bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta nítorí pé ó ń dúró de aṣọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ti ìpolówó ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́, àwọn míì ń ṣe gbànjo lórí fóònù yín gan-an, kí wọ́n tó mọ ilé iṣẹ́ tó máa fi ọjà ẹ̀ hàn yín, pẹ̀lú dátà yín.

JavaScript ni baba gbogbo ẹ̀, òun ló sì ṣe yín ní ti bọ́tìnì yẹn. Kóòdù ni, ìyẹn iṣẹ́ tí sáìtì ń kó fún fóònù yín pé kó wá bá òun ṣe. Fọ́tò 300KB, tó bá ti dé, ó ti dé nìyẹn, fóònù á kàn yà á sójú. JavaScript 300KB, tó bá dé, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, fóònù gbọ́dọ̀ kà á, kó túmọ̀ ẹ̀, kó wá ṣe ohun tó ní kó ṣe, fóònù olówó ńlá á ṣe é wéré, ti èyí tí ò wọ́n lè gba ìlọ́po mẹ́rin márùn-ún àkókò yẹn. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ server ló máa ń kọ ojú ewé tán tá á sì fi ránṣẹ́ bí lẹ́tà. Nígbà tó yá, pàápàá lẹ́yìn tí React, irinṣẹ́ JavaScript tá a fi ń ṣe sáìtì, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jáde (2013 ni Facebook gbé React síta), ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé òfìfo ránṣẹ́, tá a wá di kóòdù rẹpẹtẹ mọ́ ọn pé kí fóònù fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà. Ìwé òfìfo yẹn ni ojú ewé funfun tẹ́ ẹ̀ ń wò. Bọ́tìnì tí ò dáhùn ńkọ́? Àwòrán bọ́tìnì ti dé, kóòdù tó máa gbọ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣì wà lọ́nà, tàbí ó ti já lọ́nà tí kò sì ní dé mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún yín. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Ní 2013 àwọn tó ń ṣe sáìtì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GOV.UK, kà á, wọ́n rí i pé ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún àlejò wọn ni JavaScript ò ṣiṣẹ́ fún, ìdá 0.2 péré ló mọ̀ọ́mọ̀ pa á, àwọn tó kù kàn kàgbákò ẹ̀ ni, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já, nǹkan kan dí i lọ́nà. Ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dáa nìyẹn o.

Ó kù kí n dáhùn bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀. Rárá, wọn ò mọ̀ọ́mọ̀. Wọn ò rí yín ni. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ṣe sáìtì kan fún oníbàárà mi, fọ́tò gbàǹgbà lókè, fídíò tó ń ṣeré lẹ́yìn ọ̀rọ̀, oríṣi lẹ́tà márùn-ún, lórí kọ̀ǹpútà mi ó ń ṣí kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ọ̀gá yẹn yìn mí títí. Lẹ́yìn bí oṣù méjì ó ní àwọn kan ń pe òun pé sáìtì òun bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́ jàre, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn ni. Ó dọjọ́ kan tí mo wà níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ mi yangàn fún ẹnì kan, a tẹ̀ ẹ́, a dúró, a dúró, mo ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, ẹni yẹn fi sùúrù bò mí láṣìírí, ó ní "bóyá ká wò ó nígbà míì". Mo padà sílé lọ wọ̀n ọ́n, 9MB! Fọ́tò kan ṣoṣo jẹ 4MB, bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà ni mo ṣe gbé e síbẹ̀. Ó sì "bá fóònù mu" o, gbogbo wa la máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn fọ́nnu, àmọ́ ìrísí ló bá fóònù mu, kì í ṣe ìwọ̀n, ohun tá a fi pa mọ́ kó má hàn lórí fóònù, fóònù ṣì dàǹlóòdù ẹ̀.

Èyí tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé mi dáadáa ni ìtàn tí Chris Zacharias sọ ní 2012, ẹ̀ńjínnìà ni ní YouTube tẹ́lẹ̀. Ojú ewé tí wọ́n fi ń wo fídíò ti wúwo dé 1.2MB, ó wá jókòó tì í títí ó fi gé e dé 98KB. Wọ́n gbé e síta fáwọn kan, ó lọ wo ìṣirò pé á ti yá sí i, ló bá bá a pé àkókò tí ojú ewé fi ń ṣí, tá a bá pín in dọ́gba, ti gùn sí i! Orí ẹ̀ dàrú. Ìgbà tó wá wo ibi táwọn èèyàn ti ń wọlé ló tó yé e, Áfíríkà, gúúsù Amẹ́ríkà, gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, àní títí dé Siberia, èrò ti rọ́ dé láti ibi tí wọn ò tíì rí àlejò gidi rí. Ojú ewé àtijọ́ á gba àwọn wọ̀nyẹn tó ogún ìṣẹ́jú kó tó ṣí, nítorí náà wọn ò wá rárá. Tuntun yẹn gba bí ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú méjì ló sì wá ba ìṣirò jẹ́, torí pé ẹni tí ò lè wọlé tẹ́lẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Ohun tó ń ṣe yín náà nìyẹn. Kóòdù tó ń ka àlejò sábà máa ń wà lára àwọn tó ń dé gbẹ̀yìn, kó tó dé ẹ ti bínú lọ, ọ̀gá tó ni sáìtì á wo ìwé ẹ̀, á rí i pé gbogbo ẹni tó wá ló gbádùn ẹ̀. Ta ló máa wá sọ fún un?

Ní ti ìmọ̀ràn tí wọ́n ti ń gbà yín. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, ojú ewé tó funfun bákan náà ni gbogbo wọn ń rí lójú, ohun tó fà á ló yàtọ̀, òun ni kálukú fi ń gba èèyàn nímọ̀ràn tiẹ̀. Cache tí ará ilé yín ní kẹ́ ẹ pa rẹ́, ibẹ̀ ni bùráúsà ń tọ́jú ohun tó ti dàǹlóòdù tẹ́lẹ̀ sí kó má bàa tún un gbé, tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, gbogbo ẹrù yẹn lẹ máa padà lọ rù. Ó wúlò tí sáìtì bá dàrú nítorí pé ó ń lo kóòdù àtijọ́, kò wúlò fún kó yá. Incognito, ìyẹn ojú ewé ìkọ̀kọ̀ inú bùráúsà, náà rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òfìfo ló fi ń bẹ̀rẹ̀. VPN, àápù tó ń mú ọ̀rọ̀ yín gba server ibòmíì kọjá, á fi kún ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń rìn ni, kò ní gé e kù. Ti fóònù, ọmọ yín ò parọ́ tán. Fóònù tó lágbára á tètè bá JavaScript parí iṣẹ́, ó sì kan fọ́ọ̀mù yín tààrà: tí àyè inú fóònù bá kéré, tẹ́ ẹ wá kúrò lórí fọ́ọ̀mù lọ wo nọ́ńbà kan nínú WhatsApp, fóònù lè pa ojú ewé yẹn láti fi rí àyè, tẹ́ ẹ bá padà á lóòdù látìbẹ̀rẹ̀, òfìfo. Ó jọ pé ibẹ̀ ni méjì nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn lọ, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun míì tó tún lè dá a padà ni pé server gbàgbé yín, ọ̀pọ̀ ló ń fúnni ní bí ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Àmọ́ fóònù tuntun ò ní sún server mọ́ yín, kò sì ní fẹ ọ̀nà, torí náà tó bá jẹ́ torí sáìtì nìkan lẹ ṣe fẹ́ ra fóònù, ẹ fọwọ́ mú owó yín ná.

Ohun tó lè ran yín lọ́wọ́ wà, kò sí ìkankan tó pé. Opera Mini wà láti 2005, server tiwọn ló máa bá yín lọ gbé ojú ewé, á fún un kó kéré, á wá fi ránṣẹ́ sí yín, fún ìwé kíkà mi ò tíì rí èyí tó dà bíi ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé sáìtì tó fi JavaScript ṣe ohun gbogbo máa ń wó mọ́ ọn lọ́wọ́, àti pé nígbà tó bá ń fún nǹkan jù, ọ̀rọ̀ yín ń gba ilé ẹlòmíì kọjá, nítorí náà mi ò ní fi kọ pásíwọ̀ọ̀dù báńkì. Chrome náà ní nǹkan tó jọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n pa á tì ní 2022. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Firefox lórí Android kẹ́ ẹ wá fi uBlock Origin sínú ẹ̀, á dá ìpolówó àti àwọn tó ń ṣọ́ yín dúró kí wọ́n tó dàǹlóòdù rárá, lórí sáìtì ìròyìn ẹ máa rò pé wọ́n pààrọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín ni. Ẹ lè pa JavaScript látinú sẹ́tínsì bùráúsà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ kà, ẹ̀ẹ̀kan á yá bí idán, ẹ̀ẹ̀kan ẹ ò ní rí nǹkan kan. Àwọn ilé ìròyìn kan náà ní ojú ewé ọ̀rọ̀ lásán, NPR àti CNN ní tiwọn, ó ń dùn mí pé wọn ò pọ̀. Gmail ní èyí tó fúyẹ́ títí di 2024 kí wọ́n tó gbé e kúrò, mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Fọ́ọ̀mù yẹn wá ńkọ́. Ẹ kọ gbogbo ìdáhùn yín síbì kan nínú fóònù ṣáájú, nọ́ńbà, àdírẹ́sì, gbogbo ẹ̀, kó má di pé ẹ̀ ń jáde ń wọlé. Ẹ ti àwọn àápù yòókù pa. Ẹ dín fọ́tò tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi síbẹ̀ kù kó tó dọjọ́ náà, fífi nǹkan ránṣẹ́ sábà máa ń lọ́ra ju gbígbà lọ. Ẹ ṣí i ní ìdájí, tí èrò ò pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tó bá sì ti ṣí, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan gbáko kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí kóòdù ráyè wọlé tán. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì tó dákẹ́, ẹ má tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó lè ti lọ, kẹ́ ẹ wá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sanwó ẹ̀, ẹjọ́ ńlá nìyẹn. Tó bá wá kọ̀ pátá, mi ò ní tàn yín, fọ́ọ̀mù míì wà tí kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní láti wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dáa jókòó tì fún wákàtí kan. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ má kọ "sáìtì yín ò ṣí" o, a máa ń dá a lóhùn pé ní ọ̀dọ̀ wa ó ń ṣí. Ẹ kọ irú fóònù tẹ́ ẹ lò, aago tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi dúró, kẹ́ ẹ sì ya ojú fóònù yín níbi tó dúró sí mọ́ ọn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kan ló gbé mi dìde lọ́jọ́ kan tí mo fi ṣí DevTools, irinṣẹ́ àwa tá à ń ṣe sáìtì tó wà nínú Chrome, tí mo dín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tèmi kù bíi ti ẹni yẹn, tí mo jókòó wo ojú ewé funfun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.